TA NI OWÓ RẸ Ń RÀN LỌ́WỌ́?

Bíbélì Kíkà: 1 Kọ́ríńtì 10:23-33

Kókó Ẹ̀kọ́: Ìfẹ́ sí ọmọnìkejì gbọ́dọ̀ dé inú àpò owó wa.

Ẹran rírà kò rọrùn fún onígbàgbọ́ ní ìlú Kọ́ríńtì. Lára ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà ti gba iwájú òrìṣà kọjá kí ó tó dé orí àtẹ alápatà. Kí ni kí ará ṣe? Apá méjì ni ìdáhùn Pọ́ọ̀lù ní. Èkíní: ra ohun tí wọ́n ń tà, má wádìí ibi tó ti wá, nítorí Olúwa ló ni ayé. Èkejì: bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé òrìṣà ni wọ́n fi bọ, fi í sílẹ̀ nítorí ẹni náà.

Apá kìíní tú wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù. Olùfẹ́, bí a bá ní a kò ní ra nǹkan lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan, ebi yóò pa wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní orí 5 lẹ́tà yìí kan náà, Pọ́ọ̀lù sọ pé ẹni tó bá fẹ́ yẹra pátápátá fún àwọn oníwà búburú ní láti jáde kúrò láyé.

Apá kejì kò jẹ́ kí a fi òmìnira wa bo ìkà mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá ti mọ̀, ọ̀rọ̀ di méjì. Ní ọdún 1791, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti fòpin sí òwò ẹrú. Lẹ́yìn náà ni William Fox tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, tó rán àwọn ènìyàn létí pé inú oko ìrèké, níbi tí àwọn ẹrú ti ń kú, ni ṣúgà inú tíì wọn ti ń wá. Ó ṣírò pé bí ìdílé tó ń lo ìwọ̀n pọ́ùn 5 ṣúgà lọ́sẹ̀, àti ọtí ìrèké tó bá a rìn, bá ṣíwọ́ fún oṣù 21, wọ́n ti gba ènìyàn kan lọ́wọ́ oko ẹrú tàbí ikú. Thomas Clarkson fojú bù ú pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló fi ṣúgà náà sílẹ̀. Èyí nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun. Ọdún 1807 ni òfin tó dá òwò náà dúró jáde. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ló gba Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú.

Lónìí, kí o tó fi oníbàárà tàbí iléeṣẹ́ kan sílẹ̀, bi ara rẹ léèrè: Ṣé mo mọ̀ ọ́n dájú, àbí àhesọ ni? Ẹni tó ń sọ kiri láìní ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ló ni iléeṣẹ́ kan ń jẹ́rìí èké ni, bí ó tilẹ̀ pè é ní ìwà mímọ́. Ṣé owó mi ló ń fún ibi náà lágbára, àbí ìgbàgbọ́ wa kàn yàtọ̀? Aládùúgbò rẹ tí kì í ṣe Kristẹni, tó ń ta ojúlówó búrẹ́dì, kò ṣẹ̀ ọ́. Rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí o mọ̀ pé ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹrú nínú iṣẹ́ rẹ̀, bó ti wù kí ọjà rẹ̀ pọ́ọ́kú tó, má fún un lówó. Ó lè ná ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfẹ́ a máa náni ní nǹkan.

Bí o bá sì fi ọjà kan sílẹ̀, má fi í ṣe òṣùwọ̀n tí o ó fi wọn arákùnrin rẹ. Ó lè má mọ ohun tí o mọ̀. Fi sùúrù sọ fún un.

Iṣẹ́ Ṣíṣe: Ronú lónìí nípa ohun kan tí o ń rà déédéé. Ta ló ń jìyà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ?

Àdúrà: Baba, gbà mí lọ́wọ́ ìbẹ̀rù àti lọ́wọ́ àìbìkítà. Jẹ́ kí náwónáwó mi yìn Ọ́ lógo, ní orúkọ Jésù. Àmín.