Ẹ Sá Igi Yín Kí Òjò Tó Dé

Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, kò sẹ́ni tó ń ronú igi ìdáná. Igi wà káàkiri, ó gbẹ, ìṣáná kan ti tó o. Ó di inú oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tí kò dá títí di Ọjọ́rú, tí igi tí a tò sí ìdí àgbọn bá ti mumi yó, tí agbọ̀n ṣáwá sì ti gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tó ń retí iná, kí ojú wa tó là. Ìgbà yẹn gan-an lẹnìkan máa ń na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Ìgbà yẹn náà la máa ń gbé ìkòkò eèdú wọ yàrá torí òtútù, tí a ó sì ti fèrèsé pa.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan ẹja ní Gberefu àti Topo, ẹ̀yin bàbá wa tó ń la igi tà ní Ajido, ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń rán lọ ṣẹ́gi lẹ́yìn iléèwé ní Ajara, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Igi òjò, inú ẹ̀ẹ̀rùn la ti ń wá a. Òjò ńlá ń rọ̀ ní Àgbádárìgì láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, ó ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ó tún ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Láti ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni àyè wà. Igi tí a bá gé, tí a là, tí a sì tò dáadáa lásìkò yìí ló máa gbà wá nígbà tí omi bá wà lókè, tó tún wà nílẹ̀.

Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Kí iná tó lè mú ìkòkò yín gbóná, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ se omi inú igi yẹn gbẹ. Owó igi lẹ san, omi lẹ ń sè. Iná tó ń bá omi jà kò lè jó dáadáa, èéfín ló sì ń yà sí. Àwọn tó ń dáná sínú ilé nítorí yìnyín mọ èyí dunjú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta igi ìdáná díẹ̀díẹ̀ fún ará ilé bí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàánú igi. Èéfín ni wọ́n ń sá fún. Àwa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, ṣùgbọ́n a ní etí. Ẹ gba igi méjì lu ara wọn: èyí tó gbẹ á dún kọ́kọ́kọ́, èyí tó tutù á dún gbì. Ẹ wo orí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e: bó bá ti ń sán, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣí fúnra rẹ̀, ó ti ń sún mọ́ iná nìyẹn.

Èéfín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú èèyàn tó mílíọ̀nù 3.2 lọ́dún 2020 nìkan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì lé ní 237,000 nínú wọn. Òtútù àyà ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ. Ní ti àgbà, rọpárọsẹ̀ ni, àìsàn ọkàn ni, ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ ni. Ẹ wo ìyá tó ń yan ẹja: ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti yí ẹja padà, èéfín gba abẹ́ apá rẹ̀ lọ sí imú ọmọ. Ọmọ húkọ́, ìyá fi ẹ̀yìn mì í díẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ fún ẹni tó jìnnà sí iná. Kí ẹ̀yin náà sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ní etí òkun wa, afẹ́fẹ́ òkun ló ń fẹ́ bọ̀ sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí náà òkun ni kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí, kí èéfín lè máa sá fún yín. Ojú pípọ́n tí àwọn kan ń tìtorí rẹ̀ pe ìyá arúgbó ní àjẹ́, mo gbà pé iwájú ààrò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí i.

Ààrò tó sàn wà. Láàrin ọdún 1969 sí 1971, ní Chorkor, abúlé apẹja kan lẹ́bàá Accra, wọ́n ṣe ààrò oníbíríkì kan tí wọ́n ń to pẹpẹ ẹja léra lórí rẹ̀, tí ooru ń gba àárín wọn kọjá. Igi tó ń jẹ kéré sí ti àgbá ìyanja lásán, ẹja tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà sì pọ̀. Ẹgbẹ́ ayan-ẹja tó bá dá owó jọ lè kọ́ ọ sí àdúgbò kan. Ṣùgbọ́n kò sí ààrò tó lè sọ igi tútù di gbígbẹ.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni iná inú yàrá. Lálẹ́ òjò, atẹ́gùn òkun a máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, òtútù a sì wọni lára dé eegun. Ẹnìkan á ní kí wọ́n gbé ìkòkò eèdú wọlé, pàápàá bí abiyamọ tuntun bá wà nílé tí wọ́n fẹ́ kí ara ọmọ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á ní kò séwu, ó ti pọ́n, kò rú èéfín mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, àìrú èéfín yẹn gan-an ló ń tan ni jẹ. Eèdú tó pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá lọ, á sì gba ipò atẹ́gùn tó ń gbé ẹ̀mí wa ró. Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, òòyì á kọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á sì máa kunni. Ẹni tó bá ti sùn lọ nínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí kí òjò má pa á, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Nítorí náà, iná kò gbọ́dọ̀ bá èèyàn sùn nínú yàrá, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ eèdú, ìbáà jẹ́ àgbá ẹja tí a sáré gbé kúrò nínú òjò. Kí a wọ aṣọ méjì léra. Kí a tẹ́ ẹní tó nípọn, kó má bàa jẹ́ sìmẹ́ńtì ni à ń sùn lé. Ní ti ọmọ ọwọ́, kí a dé e ní fìlà, kí a gbé e sáyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, kí a da aṣọ bo àwọn méjèèjì. Kò sí iná tó tó àyà ìyá. Bí ẹ bá wọ yàrá oníná tí ẹ bá ẹni tó sùn tí kò jí, ẹ má dúró máa pariwo níbẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ wọ́ ọ jáde síta gbangba, ẹ pe 112 tàbí 767, kí ẹ sì gbé e dé ọsibítù. Epo pupa àti mílíìkì kì í ṣe oògùn rẹ̀. Imú ni oró náà gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu, nǹkan tí a bá sì dà sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lè há a ní ọ̀nà ọ̀fun.

Ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù kò gùn. Ẹ má dà á sórí igi, àgàgà igi tí iná ti wà nídìí rẹ̀, kódà bó bá dà bíi pé iná ọ̀hún ti kú. Oru rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbiná, iná á sì gba ojú ọ̀nà tí epo gbà wá padà sínú kẹ́ẹ̀gì tó wà lọ́wọ́ yín. Ìhá tí a tọ́jú sínú agbọ̀n, èèpo àgbọn tó gbẹ, ìṣẹ́pẹ́ igi tínínrín, ìwọ̀nyí ti tó láti fi mú iná. Ọ̀rá àti táyà kò sí lára wọn. Ẹja tí ẹ fẹ́ tà ló ń mu èéfín wọn. Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó gbé e lọ fún ìtọ́jú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Igi wo ló wá yẹ ká dá? Èèpo àgbọn àti igbá rẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú, ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ibikíbi lọ. Ẹ̀gbà, igi inú ọ̀sà tó na gbòǹgbò sómi bí ẹsẹ̀ alántakùn, ni ọ̀pọ̀ ayan-ẹja fẹ́ràn, torí ooru rẹ̀ le, ó sì ń jó pẹ́. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni ọmọ ẹja àti edé ń dàgbà sí, òun náà ló sì di etí omi mú. Bí a bá gé e tán, igi á wà nílẹ̀, ẹja tí a máa fi í yan ló máa di àwátì. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, lódìkejì ibodè Sẹ̀mẹ̀, wọ́n ti ń gbin akasíà fún igi ìdáná láti àwọn ọdún 1980, torí ó ń yára dàgbà lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Ẹni tó bá ní ilẹ̀, kó gbin tirẹ̀.

Igi tí òkun gbé gúnlẹ̀ ní Yovoyan, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Èéfín rẹ̀ ní oró, ó sì ń jẹ àgbá àti wáyà ìyanja. Pákó ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, àti pákó ilé tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa, kò gbọ́dọ̀ dé ìdí oúnjẹ. Orò adẹ́tẹ̀ tí àwọn kan fi ṣọgbà, ẹ má gé e dáná rárá. Omi funfun inú rẹ̀ lè ba ojú jẹ́.

Kí ẹ tó gbé àáké sókè, ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ó ń mì lára èèkù. Rírẹ èèkù sómi kì í ṣe àtúnṣe, bó bá gbẹ, á tún tú. Ẹ gbé igi sórí kúkùté, ẹ ya ẹsẹ̀, kí àwọn ọmọ sún sẹ́yìn. Ibi tí igi bá ti ní kókó, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là á. Bí ẹ bá ń gé àgbọn tó ti kú, ẹ kọ́kọ́ wòkè: imọ̀ àti orí igi tó ti jẹrà lè já lulẹ̀ kí ìdí tó wó, wáyà iná mànàmáná sì lè wà nítòsí. Ọgbẹ́ àáké tàbí àdá, bó ti wù kó kéré, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ títánọ́ọ̀sì. Eérú kì í ṣe oògùn ọgbẹ́.

Ìtòjọ igi ni ọ̀pọ̀ wa kò kà sí. A ó là á tán, a ó kó o jọ gègèrè sórí yanrìn, a ó fi tapólì wé e látòkè délẹ̀. Òógùn ni igi yẹn máa máa là nínú ibẹ̀. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, ẹ fi ọ̀pá méjì dábùú wọn, kí igi má kan ilẹ̀, torí ilẹ̀ ni omi àti ikán ti ń gùn ún. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàrin igi kan àti èkejì kí atẹ́gùn rí ọ̀nà kọjá. Páànù ni kí ẹ fi bo orí rẹ̀, kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e nítorí ìjì, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má tò ó mọ́ ara ilé, ẹ má sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò torí kó lè yá a gbẹ. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Igi gbígbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, òrùlé kejì ni.

Ejò àti àkeekèé fẹ́ràn abẹ́ igi. Ẹ má ti ọwọ́ lásán bọ abẹ́ rẹ̀, àgàgà lálẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ọ̀pá yí igi kí ẹ tó mú un. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má so ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Kó má rìn, kí ẹsẹ̀ náà má mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ìtì igi àgbọn tó ti ń jẹrà, ẹ má fi sílẹ̀ nínú oko nítorí pé ẹ máa là á lọ́jọ́ kan. Inú rẹ̀ ni ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn oníwo ń yé sí, bó bá sì dàgbà, á fò lọ gbẹ́ ihò sí ọ̀mùnú àwọn àgbọn tó wà láàyè. Ẹ là á nígbà tó ṣì le, ẹ sá a, ẹ jó èyí tó ti bàjẹ́ níbi tó jìnnà sí ilé. Igi tó bá ṣẹ́ kù láti ọdún tó kọjá, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ to tuntun sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, torí igi tí ẹ bá là nínú oṣù Kẹta kò ní gbẹ kí òjò àkọ́kọ́ tó bá a.