Àròkọ Alálàyé: Bí A Ti Ń Rọ Àdá, Tí A Kì Í Fi Í Jẹ́ Kí Ó Dógùn-ún

Orí-ọ̀rọ̀: Ṣàlàyé bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ àdá, àti ohun tí a lè ṣe kí ó má baà dógùn-ún.

Ìmọ̀ràn: Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, ka orí-ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Apá méjì ni ó ní. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ojú ìwé méjì sọ̀rọ̀ iná àti ẹwìrì, wọn a sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún. Ìdajì ìbéèrè ni wọ́n dáhùn. To àlàyé rẹ bí iṣẹ́ náà ti tẹ̀ léra, kí o sì sọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni àgbẹ̀ ti ń rí ọkọ́ àti àdá. Láyé àtijọ́, àwọn baba wa a máa yọ́ irin láti inú òkúta. Lóde òní, súpíríǹgì ọkọ̀ tí ó ti gbó ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ fi ń rọ àdá, nítorí pé irin líle ni.

Alágbẹ̀dẹ yóò ko èédú jọ, ọmọṣẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fín ẹwìrì. Yóò ti irin bọ iná títí yóò fi pọ́n bí ọsàn. Yóò fi ẹ̀mú gbé e sórí irin ńlá tí a rì mọ́lẹ̀, yóò sì fi ọmọ owú lù ú di pẹlẹbẹ. Bí irin náà bá ti ń dúdú padà, inú iná ni yóò dá a padà sí, nítorí pé irin líle tí a bá lù ní tútù a máa sán.

Nígbà tí ó bá ti di àdá, yóò tún fi ẹnu rẹ̀ sínú iná títí òòfà kò fi ní lè fà á mọ́, yóò sì tì í bọ inú òróró kí ó lè le. Ṣùgbọ́n líle yìí ti pọ̀ jù. Bí a bá fi gé igi báyìí, yóò kán. Nítorí náà, yóò ha ojú rẹ̀ títí yóò fi dán, yóò sì rọra mú un gbóná. Àwọ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí bí oyin, lẹ́yìn náà bí aró. Bí ó bá ti rí bí aró, kí ó yọ ọ́ kíá.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Afẹ́fẹ́ àti omi ni ó ń pawọ́ pọ̀ jẹ irin. Iyọ̀ àti òógùn a sì máa mú un yá. Èèpo dúdú tí iná fi sí ara àdá kò lè gbà á sílẹ̀, nítorí pé èèpo náà a máa sán, omi a sì gba ibẹ̀ wọlé. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á kúrò, kí a nu àdá náà gbẹ, kí a mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a sì fi ìda oyin pa á lára. Kò gbọdọ̀ gbóná títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà, kí líle rẹ̀ má baà bàjẹ́. Bí a bá fẹ́ fi àdá pamọ́ títí òjò yóò fi dé, gírísì dára fún un.

Irin fèrèsé tí òjò ń pa ní tirẹ̀ ń fẹ́ ọ̀dà. A sì lè fi síǹkì bo irin. Ṣùgbọ́n kí alágbẹ̀dẹ má ṣe fi irú irin bẹ́ẹ̀ sínú iná, nítorí pé èéfín síǹkì a máa fa àìsàn.

Òógùn ọjọ́ kan ni alágbẹ̀dẹ fi rọ àdá. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, òjò ọdún kan lè bà á jẹ́.

Ìdánrawò: Kọ àròkọ lórí bí a ti ń mọ ìkòkò àti bí a ti ń sun ún kí ó má baà fọ́.