Ẹ̀pà Tó Bu

Ẹ tú àpò ẹ̀pà kan wò. Ẹ óò rí èyí tó mọ́, ẹ óò sì rí èyí tó ti bu: òmíràn ti hunjọ, òmíràn ti dúdú, òmíràn ní nǹkan bí òwú lára. Kí la fi ń ṣe irú rẹ̀ nílé wa? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́jà Atakpamé. A ó ṣa èyí tó dára fún títà, a ó sì lọ èyí tó bu sínú ọbẹ̀ tiwa. Àgbàdo ńkọ́? Bákan náà ni. Èyí tó kù sílẹ̀ la fi ń ṣe ògì ọmọ.

Ní 1960, àwọn tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó kú láàárín oṣù díẹ̀ lé ní 100,000. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, oúnjẹ ló pa wọ́n. Ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe oúnjẹ náà, ó sì ti bu. Nǹkan tó ń hu lára ẹ̀pà, tó jẹ́ ìbátan olú inú igbó, ló ń pọ májèlé sínú rẹ̀. Wọ́n sọ májèlé náà ní áfílátọ́sìnì.

Bí a bá jẹ ẹ́, inú ẹ̀dọ̀ ló ń lọ. Ẹ̀dọ̀ á fẹ́ yí i padà kó lè jáde lára, àmọ́ níbi tó ti ń yí i padà gan-an ló ti ń burú sí i. Á lẹ̀ mọ́ ohun tó ń darí bí ara ṣe ń dàgbà, á sì bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà, apá kan ẹ̀dọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí hù láìdúró. Jẹjẹrẹ nìyẹn. Ó máa ń pẹ́ lọ́dún púpọ̀ kó tó hàn, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í rántí ẹ̀pà. Wọ́n á ní aráyé ló ṣe é. Ewu náà tún pọ̀ jù fún ẹni tí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní hẹpatáítìsì B bá wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Tógò gan-an. Ní 2002, Yun Yun Gong àti Christopher Wild ti yunifásítì Leeds, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 wò ní abúlé 16 ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Nínú ọmọ 100, 99 ni májèlé yìí wà lẹ́jẹ̀ wọn. Àwọn tó pọ̀ lára wọn jù kúrú, wọn kò sì wúwo tó ẹgbẹ́ wọn. Ó pọ̀ lára ọmọ tó ti já lẹ́nu ọmú ju ti èyí tó ṣì ń mu ún lọ.

Ẹ má rò pé iná á pa á. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ sun ún, májèlé náà kò ní tán.

Kí la ó wá ṣe? Ní Guinea, wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé 10 ní nǹkan tí kò le. Kí wọ́n sá ẹ̀pà sórí ẹní, kì í ṣe ilẹ̀. Kí wọ́n mì í létí, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ró nínú èèpo kí wọ́n tó kó o pa mọ́. Kí wọ́n ṣa èyí tó bu kúrò, kí wọ́n lo àpò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí wọ́n sì gbé e sórí pákó. Lẹ́yìn oṣù 5, májèlé inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ìdajì ti abúlé 10 mìíràn tí wọn kò kọ́. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 2005.

Níhìn-ín, ìgbà òjò méjì là ń rí lọ́dún, àgbàdo ìgbà àkọ́kọ́ sì máa ń gbó kí òjò tó dá. Iṣẹ́ tó le wà níbẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóko kí òjò máa pa á. Ẹ fi eyín gé hóró kan wò: bó bá tẹ̀, kò tíì gbẹ, bó bá fọ́, ẹ kó o pa mọ́.

Èyí tó bu, ẹ má kó o fún adìẹ; ẹ rántí àwọn tòlótòló. Ẹ rì í mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dunni láti da oúnjẹ nù lóṣù tí àká ti ṣófo. Bí ẹ kò bá lè ṣa gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lára ti ọmọ: ẹ kọ́kọ́ ṣa ti ògì rẹ̀, kí ẹ tó ṣa ti ọjà.