Etí Omi ni Ewu Wà: Ìtọ́jú Ọkọ̀ Káyáàkì Fífúyẹ́ Nígbà Tí A Bá Ń Gbé E Sómi

Ìfáárà
Odò Kúdẹtì, ọ̀kan lára àwọn odò tí ó la Ìbàdàn àtijọ́ kọjá, kì í ṣe odò tí ènìyàn lè tukọ̀ lórí rẹ̀. Bí a bá dárúkọ omi ládùúgbò náà, ìkún-omi ni ó máa ń wá sí àwọn àgbà lọ́kàn, pàápàá Omíyalé odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980. Nítorí náà, bí ọmọ Kúdẹtì bá bá ọkọ̀ pàdé létí adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí a fi ìdènà odò Ọ̀nà dá ní 1942, àṣà àwọn apẹja ni yóò tẹ̀ lé: yóò wọ́ ọkọ̀ nílẹ̀, yóò tì í sómi, yóò sì kó sínú rẹ̀. Àṣà yìí kò burú fún ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé òun gan-an ni ó ń ba káyáàkì fífúyẹ́ jẹ́.

Ìyàtọ̀ Ọkọ̀ Méjèèjì
Odindi igi tí a gbẹ́ ni ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ìbílẹ̀. Ó nípọn, bí òkúta bá họ ọ́, igi ṣì wà lábẹ́ ojú ọgbẹ́ náà. Káyáàkì fífúyẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a fi fọ́nrán gíláàsì, kábọ́ọ̀nù tàbí Kevlar hun ni a tẹ́ ní ìpele-ìpele, tí a sì fi rẹ́síìnì, oje tí ó máa ń le bí òkúta, lẹ̀ pọ̀. Káyáàkì eré ìje ẹlẹ́nìkan lè gùn tó mítà 5.20, síbẹ̀ òfin eré náà gbà kí ó wọn kílò 12 péré. Káyáàkì fífúyẹ́ tí ó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni Jonathan Akinyemi fi ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní London ní 2012.

Ibi Tí Ewu Wà
Lórí omi, ọkọ̀ yìí lágbára, nítorí omi ń gbé gbogbo ikùn rẹ̀ ró lẹ́ẹ̀kan náà. Etí omi ni ó ti di ẹlẹgẹ́. Bí orí rẹ̀ bá wà lórí omi, tí ìdí rẹ̀ sì wà lórí òkúta, àárín rẹ̀ di afárá tí kò ní òpó. Bí atukọ̀ bá jókòó síbẹ̀, ìwúwo rẹ̀ lè tẹ ikùn ọkọ̀ títí rẹ́síìnì yóò fi sán. Sísán náà lè má hàn sí ojú. Omi yóò máa gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, àwọn ìpele aṣọ yóò máa ṣí kúrò lára ara wọn, ó sì lè jẹ́ àárín adágún ni ọkọ̀ yóò ti já atukọ̀ kulẹ̀. Ẹ̀mí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe owó nìkan.

Ìlànà Ìgbésómi
Èkíní, kí ènìyàn méjì gbé ọkọ̀ náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. A kì í wọ́ ọ. Ẹni tí ó bá dá wà lè gbé e lé èjìká.

Èkejì, kí wọ́n gbé e dé ibi tí omi ti tó orúnkún, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kọjú sí èbúté.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ara rẹ̀ léfòó kí atukọ̀ tó wọlé.

Ẹ̀kẹrin, kí atukọ̀ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí iyanrìn abẹ́ gìgísẹ̀ a máa ha inú ọkọ̀ bí sáńpépà.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà àbọ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ikùn ọkọ̀ tó kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ìka kan ikùn ọkọ̀ náà káàkiri. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ti kú, tí kò dún gbọnmọ bí ti ìyókù, ó ṣeé ṣe kí ìpele ti ṣí níbẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ dáadáa kí a tó fi aṣọ àti rẹ́síìnì tuntun lẹ̀ ẹ́.

Àgbálọgbábọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìmọ̀ apẹja kò di asán: òun ni ó mọ ibi tí etí omi ti tẹ́jú, tí òkúta kò sí. Ṣùgbọ́n ìwà ọkọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó yan àṣà tí yóò fi gbé e sómi.