Owó Oníhò Kì í Ṣe Owó Awo

Ẹ̀yin ará Alákijà, títí dé Festac àti gbogbo Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, etí yín mélòó? Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ yín láago, tàbí tó fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òun ń wá kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó, pé ẹyọ kan péré lè sọ yín di mílíọ̀níà, ẹ má tíì lọ tú àpótí ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán. Tó bá ti dárúkọ owó fọ́ọ̀mù, owó àyẹ̀wò tàbí owó kọ́sítọ́ọ̀mù, oníjìbìtì ni. Níbo la ti rí oníbàárà tó ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́jà?

Àwòrán ara owó ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Ẹ gbé kọ́bọ̀ náà sún mọ́ ojú: ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò rẹ̀ ká, wọn á ní àmì awo ni. Irọ́ funfun báláú! Àmì ìjọba amúnisìn Nàìjíríà ni, ó wà lára àsíá wọn nígbà náà.

Òmíràn á ní kọ́bọ̀ 1936 tó ní orúkọ Edward VIII, ọba Gẹ̀ẹ́sì, lòun ń wá, torí ọba náà ò pẹ́ lórí oyè. Lóòótọ́ ni kò pẹ́: January ló jọba, December ọdún kan náà ló fi adé sílẹ̀. Ní London, owó tó ní ojú rẹ̀ lára wọ́n bí imí eégún. Ṣùgbọ́n tiwa oníhò ò gba ojú ọba, orúkọ nìkan ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì ti rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu kó tó kúrò. Ẹ wo kọ́bọ̀ yẹn dáadáa, ẹ lè rí lẹ́tà H tíntìntín: ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́. Kò wọ́n rárá.

Ẹwà àwòrán kọ́ ni iye owó. Láyé àtijọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gíríìsì ló ní àmì tirẹ̀ lára owó: Athens ní òwìwí, Aegina ní ìjàpá, Corinth ní ẹṣin oníyẹ̀ẹ́. Òwìwí yìí làwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ fẹ́ràn, òun náà sì làwọn tó ń ṣe ayédèrú ń rọ káàkiri ayé. Tí wọ́n bá wá fi í lọ̀ yín ní Trade Fair, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ọdún tí wọ́n rọ owó, bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó àti bí ara rẹ̀ ṣe dán mọ́rán tó ni ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń wò. Ẹ yẹ sílè yín wò: èyí tí wọ́n rọ láàárín 1913 sí 1919, fàdákà gidi ni, idẹ ló pọ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iyanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Fífọ̀ máa ń já iye rẹ̀ wálẹ̀, kò sì sí àtúnṣe.

Bí ẹ bá ti sanwó fún àwọn oníjìbìtì yìí, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dì yín lẹ́nu. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ wọn rẹ́, ẹ sáré lọ sí báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá tàbí EFCC létí. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2006 lórí irú jìbìtì yìí ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 ni, kò sí àyè owó ìtanràn.