Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Ń Gbọ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá

Bóyá ẹ ò tíì bímọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ní àbúrò. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́mọ ọdún 11, kò sóhun tó fẹ́ràn tó bọ́ọ̀lù. Bàbá wa kì í pa ìdíje rẹ̀ kankan jẹ. Àmọ́ ariwo wọn kì í dákẹ́: "Gbá a! Fún un! Kí lò ń wò?" Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi, àṣìṣe rẹ̀ la ó máa gbọ́ títí a ó fi délé. Nígbà tó yá, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ. Kò pẹ́ tó fi ní òun ò ṣe mọ́. Ìfẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú o. Kí ló wá bàjẹ́?

Àkọ́kọ́, ọpọlọ èèyàn kò lè gba ohun púpọ̀ mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù, tó tún ń gbọ́ ti kóòṣì, kò ráyè fún ohùn kẹta. Bí ohùn náà bá sì dẹ́rù bà á, ara á tú èròjà adrenaline jáde, ọkàn á máa lù kìkì, iṣan á le.

Èkejì ni ìyìn. Lọ́dún 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn ọmọdé ní àdììtú tó gba ìrònú. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé, "O lọ́pọlọ gan-an," wọ́n sì yin àwọn mìíràn pé wọ́n sapá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé èyí tó le gan-an fún gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n yìn nítorí ọpọlọ ló tètè rẹ̀wẹ̀sì. Nígbà tí èyí tó rọrùn padà dé, wọn ò ṣe dáadáa tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àdììtú kì í ṣe bọ́ọ̀lù lóòótọ́, àmọ́ mo rò pé ẹ̀kọ́ náà bá pápá mu: ọmọ tí a ń pè ní "ìràwọ̀" lójoojúmọ́ lè rò pé òun kì í ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ tó bá pàdánù.

Ẹ̀kẹta, egungun ọmọdé ṣì ń dàgbà, ibi tó ti ń gùn sí i kò sì tíì le. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi ní kí ọmọ máa sinmi eré ìdíje, ó kéré tán, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Bó bá ní orúnkún ń dun òun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Kí la lè ṣe? Kí eré tó bẹ̀rẹ̀: "Lọ gbádùn ara ẹ." Bó bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ pàtẹ́wọ́, kẹ́ ẹ fi ìtọ́ni sílẹ̀ fún kóòṣì. Bó bá parí, ẹ fún un lómi àti oúnjẹ, kẹ́ ẹ bi í pé, "Ṣó o gbádùn ẹ̀?" Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣìṣe rẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò dá a sílẹ̀.

Ọdún méjì kọjá kí àbúrò mi tó padà sórí pápá. Bàbá wa ṣì ń tẹ̀ lé e lọ. Ẹ̀pà ni wọ́n ń rà dání báyìí; wọ́n ní ẹnu tó bá kún fún ẹ̀pà ò lè pariwo.