Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ni Ẹ̀rín Ń Gbé: Bí A Ṣe Ń Ya Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Sórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti mọ̀. Bí ẹni tó mọ àpárá dá bá wà níwájú yín, kì í tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á sọ díẹ̀, á dákẹ́, á wojú yín, kó tó wá sọ èyí tí yóò mú yín fọwọ́ bo ẹnu. Ayàwòrán ò ní ohùn tí yóò fi dákẹ́. Ìlà àti àyè funfun nìkan ló ní. Bí a ṣe ń fi àyè funfun dákẹ́ ni ẹ̀kọ́ tòní. Ṣé a jọ wà níbẹ̀?

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso, Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn West African Pilot, orúkọ tó sì ń fi síbẹ̀ ni Lash. Àwòrán ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan. Tiwa ti òde òní máa ń tò tẹ̀ léra wọn, nítorí náà a nílò orúkọ fún ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ilé ṣe é. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tí a fi ìlà yí ká jẹ́ yàrá. Àyè funfun tó wà láàárín yàrá méjì jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí lókè orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìkùukùu ọ̀rọ̀. Yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkùukùu ọ̀rọ̀: ṣé wọ́n ti wọlé?

Ó yá, ẹ wo ilé oníyàrá mẹ́rin kan. Nínú yàrá kìíní, obìnrin kan tó wé gèlè pupa ń sanwó fún kọ̀ńdọ́ dánfó; kọ̀ńdọ́ ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ṣéńjì yín ń bọ̀.” Ní yàrá kejì, obìnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́; ọkùnrin kan tó dé fìlà gọ̀bì náà na ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní yàrá kẹta, kọ̀ńdọ́ ki ₦1,000 ẹyọ kan bọ̀ wọ́n lọ́wọ́: “Mo ti so yín pọ̀ o! Ẹ jọ lọ ṣẹ́ ẹ.” Yàrá kẹrin kò ní ọ̀rọ̀ kankan: gèlè pupa àti fìlà gọ̀bì jókòó síbi ìgbéyàwó tiwọn, ₦1,000 náà ṣì wà láàárín wọn, wọn ò tíì rí i ṣẹ́. Ta ló sọ fún yín pé wọ́n ti ìsọ̀ dé ìsọ̀ títí ìfẹ́ fi wọ̀ ọ́? Èmi ò yà á. Ẹ̀yin lẹ yà á fúnra yín, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣáájú yàrá kẹrin. Bí kò bá tíì hàn, ẹ padà kà á. N óò dúró dè yín.

Àwọn ará Japan ń pe irú ilé oníyàrá mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ní yonkoma. Wọ́n sábà máa ń tò ó láti òkè wá sísàlẹ̀, èyí tó bá ojú fóònù mu gan-an. Yàrá kìíní ṣí ọ̀rọ̀, ìkejì fà á síwájú, ìkẹta yí i padà, ìkẹrin gbé e gúnlẹ̀. Ṣé ẹ rí i nínú ti kọ̀ńdọ́?

Ẹ lè béèrè pé: bí òǹkàwé kò bá rí ohun tí mo fi pa mọ́ ńkọ́? Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ “Ọdún méjì lẹ́yìn náà” sórí yàrá kẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ibí ni ẹgbẹ́ ayàwòrán ti wúlò jù. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ jáde, ẹ fi han ẹnì kan nínú ẹgbẹ́. Ẹ má bi í pé, “Ṣé ó dùn?” torí ọ̀rẹ́ yóò ní ó dùn. Ẹ bi í pé, “Kí lo rí?” Bó bá ní, “Ta ni ìyàwó yìí?” a jẹ́ pé gèlè pupa kò hàn tó láti yàrá kìíní. Àwòrán lẹ óò tún ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ óò fi kún un. Ṣé ìyàtọ̀ náà yé yín?

Àwọn ayàwòrán tún máa ń ṣe àjọyà: ẹnì kan ya yàrá kìíní, ó gbé e fún ẹlòmíì láìsọ ibi tó ń lọ. Wọ́n sì máa ń fi àkókò dán ara wọn wò. Ní 1990, Scott McCloud ní Amẹ́ríkà pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Steve Bissette níjà pé kí àwọn méjèèjì ya ojú ìwé 24 ní wákàtí 24. Ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá mẹ́rin ní wákàtí kan. Ṣé ìyẹn kò wúwo jù?

Ó ku pípín in. Bí ẹ bá ń pín iṣẹ́ ẹlòmíì, ẹ má gé orúkọ rẹ̀ kúrò láé; olè ni mo ka ìyẹn sí. Randall Munroe, tó ń gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ xkcd jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2005, fàyè gba ẹnikẹ́ni láti pín tirẹ̀, bí onítọ̀hún bá ti dárúkọ orísun rẹ̀ tí kò sì fi ṣòwò. Ẹni tí kò bá kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ òní, ẹ mú bébà kan, ẹ pín in sí yàrá mẹ́rin. Lọ́la, ẹ gbé e fún ẹnì kan tó ń yàwòrán. Bó bá ti ń wò ó, mo bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́.